Funfun Orí Àpáta

Ohunkóhun tó bá ti funfun lórí àpáta Ayébòdé, oúnjẹ ni. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákòrò mọ̀, ewúrẹ́ mọ̀, àdàbà sì mọ̀ ju àwọn méjèèjì lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sá láfún sí. Wọ́n á rẹ ẹ̀gẹ́, wọ́n á fún omi ara ẹ̀ kúrò, wọ́n á wá lọ tẹ́ ẹ sórí òkúta títí oòrùn á fi ṣe tiẹ̀. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní ojú tiẹ̀ níbẹ̀, bí àwọn ìyá ìjọ ṣe ń ní àga tiwọn ní ṣọ́ọ̀ṣì: ẹni tó ni ín lè lọ s'Ékòó kó má dé títí ọdún fi yí, kò sẹ́ni tó máa jókòó síbẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó ń bi funfun léèrè pé, ìwọ, irú funfun wo ni ẹ́?

Àìbéèrè yẹn ló wọ ilé Morákinyọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan báyìí, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ló sì bá wọlé.

Títílọlá, ìyàwó ilé, ìrọ̀lẹ́ àná ló ti Ìfàkì dé, níbi tó ti lọ bá àbúrò ẹ̀ wẹ ọmọ tuntun. Ó rẹ̀ ẹ́ débi pé kò jẹun, kò béèrè nǹkan kan, ó kàn na ara ẹ̀ sórí ẹní. Ìgbà tó máa fi jí, ìyá ọkọ ẹ̀ ti ro láfún, ó ti bu ọbẹ̀ lé e. Àṣàkẹ́ lorúkọ ìyá náà, àmọ́ Màámi ni gbogbo ilé ń pè é. Ojú ẹ̀ ọ̀tún ti fọ́, tòsì ń rí ohun tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n tó bá dọ̀rọ̀ oúnjẹ tó fẹ́ ṣòfò, Màámi á rí ẹyọ ìrẹsì kan nísàlẹ̀ kànga.

Títílọlá ń so ìró ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá nígbà tí ọmọ ẹ̀ Ìtùnú tu òkèlè sílẹ̀.

"Màámi, òkúta."

"Gbé e mì jàre. Òkúta kì í pa ọmọ Èkìtì. Orí ẹ̀ la bí ẹ sí."

Títílọlá ti ìka bọ ẹnu ọmọ. Ohun tó yọ jáde kì í ṣe òkúta. Ó fẹ́lẹ́ bí ìpẹ́ ẹja, ó tẹ̀ díẹ̀, ó sì ń dán. Ẹ̀jẹ̀ wà létí ẹ̀.

"Gíláàsì rèé," ló wí. "Ta ló fọ́ ife?"

Kò sẹ́ni tó fọ́ ife. Ilé náà ò tiẹ̀ ní ife gíláàsì kankan, ike ni bàbá fi ń mu omi, ike lọmọ fi ń mu ún, àlejò ni wọ́n ń fún ní èyí tó ní etí.

Morákinyọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kò tíì fọwọ́ kan oúnjẹ ẹ̀. Ó ti ṣe díẹ̀ tó ti ń sọ pé gbogbo nǹkan ń dùn bí ìṣó lẹ́nu òun: omi, ọbẹ̀, títí kan itọ́ ara òun. Ọwọ́ ẹ̀ náà ò dúró mọ́. Tó bá gbé omi, omi á kọ́kọ́ jó kó tó dé ẹnu. Màámi ní àárẹ̀ oko ni. Bó ṣe gbọ́ gíláàsì báyìí, ó dìde, ó ń wolẹ̀ kiri.

"Bàbá Ìtùnú, níbo lò ń lọ?"

"Mò ń wá sálúbàtà mi."

"Ó wà lẹ́sẹ̀ ẹ."

Ó wo ẹsẹ̀ ẹ̀. Ó jókòó padà.

Ọ̀rọ̀ náà ò pẹ́ kó tó tú. Ẹlúyẹmí, tóun àti Morákinyọ̀ jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti di ọ̀gá láyé òde òní. Ó ní ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn kan tó ń kọ mànà bí iná ọkọ̀ bá tàn sí i. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa kó àwọn gílóòbù gígùn tó ti kú láwọn ọ́fíìsì àwọn ẹni ńlá, àwọn tó gùn bí ọ̀pá, tí wọ́n máa ń kàn mọ́ àjà. Oró wà nínú ẹ̀, ìyẹ̀fun funfun kan tó lẹ̀ mọ́ ọn nínú, àti atẹ́gùn kan tójú ò rí. Òfin ò gbà kí wọ́n kàn dà á nù. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sanwó fún Ẹlúyẹmí kó gbé e lọ síbi tí ẹ̀rọ wà, ẹ̀rọ tó máa fọ́ ọ nínú àpótí tó dé pinpin, táá gba oró sọ́tọ̀, táá gba gíláàsì sọ́tọ̀, táá gba irin sọ́tọ̀. Ẹlúyẹmí gba owó ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tó ní ni Morákinyọ̀.

Ẹ̀rọ yìí ń jẹ iyán, ó ń wúkọ́, ó sì ní ìyá. Ọmọ odó ló fi ń fọ́ gílóòbù. Á yọ irin orí ẹ̀ fáwọn onírin àlòkù, á rọ́ gíláàsì sínú kòtò lẹ́yìn kòkó. Ìyàwó ẹ̀ mọ̀ pé ó ń bá Ẹlúyẹmí ṣiṣẹ́, ó rò pé ẹrù ló ń bá a rù. Nígbà tí òjò sọ ẹ̀yìn kòkó di ẹrẹ̀, tí ẹrù mìíràn sì ti dé, Títílọlá wà ní Ìfàkì.

"Orí àpáta, Bàbá Ìtùnú?"

"Ibẹ̀ ló mọ́ jù."

"Ojú tiwa?"

"Ojú ta ni ǹ bá lò? Mo gbá a, Títí. Mo gbá a dáadáa."

"O gbá a lọ síbo?"

"Sẹ́gbẹ̀ẹ́."

"Ìyẹ̀fun inú ẹ̀ ńkọ́?"

"Gbogbo ẹ̀ ni mo gbá sẹ́gbẹ̀ẹ́."

Màámi gbórí sókè bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ ẹ̀ kó wá gba ẹ̀bùn.

"Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ láfún wa yẹn? Èmi ni mo kó o. Mo ní ewúrẹ́ ulé Adégbóyè ló tún tẹ láfún mi di ìyẹ̀fun. Ó kún ugbá bámúbámú. Mo ṣa àwọn kóókóó inú ẹ̀, mo sẹ́ ẹ, mo dà á mọ́ tòkè. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n rí uṣẹ́ ọwọ́ mi kó ṣòfò."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu Morákinyọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ikọ́, ikọ́ wá ká a kò bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a rín in.

"Màámi, ìgbà wo lẹ lọ̀ ọ́?" Ohùn Títílọlá ti wálẹ̀.

"Lánàá kó o tó dé, lọ́dọ̀ Àlàájì tó ni ẹ̀rọ ìlọta. Ìyá Ìbùkún ẹ̀gbẹ́ wa yìí ló tẹ̀lé mi lẹ́nu ẹ̀rọ. Ó funfun ju ti gbogbo wọn lọ, wọ́n ń bi mí pé báwo ni mo ṣe ṣe é. A sì ti jẹ nínú ẹ̀ lálẹ́, èmi àti ọmọ ẹ. Ṣé mo kú?"

Títílọlá wo Ìtùnú. Ọmọ náà ń fi ahọ́n wá ibi tí gíláàsì ti gé e. Ìyá ẹ̀ dìde, ó gbé ìgò epo pupa, ó di imú ọmọ mú, ó dà á sí i lọ́fun. Ọmọ bì, epo àti ẹ̀fọ́ dà sára ẹní. Ó tún dà á sí i. Màámi ní ó tó gẹ́ẹ́, epo ti wọ́n lọ́jà.

Ilé ìwòsàn ló kàn. Ṣùgbọ́n àwọn àpò láfún ló tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn bí àlejò tó ń dúró de ọkọ̀. Faith, obìnrin tó ń ta oúnjẹ fáwọn ọmọ yunifásítì ní Ìkọ̀lé, ló ń bọ̀ wá kó o lónìí. Owó ọkọ̀, owó káàdì, owó oògùn, inú àpò yẹn ni gbogbo ẹ̀ wà. Kí ọmọ wọn tó dé ilé ìwòsàn, ọmọ ọlọ́mọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ ohun tó ń gbé e lọ.

"Pe Ẹlúyẹmí," ni Títílọlá wí. "Kí n máa gbọ́."

Morákinyọ̀ pè é, ó tẹ fóònù kó máa sọ̀rọ̀ síta. Wọ́n ṣàlàyé. Wọ́n ń gbọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń kọjá lọ́dọ̀ Ẹlúyẹmí.

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Ìyẹ̀fun lásán ni."

"Ká máa jẹ ẹ́ nìyẹn?" ni Títílọlá bi í.

"Rárá o, ìyàwó wa, ẹ má jẹ ẹ́."

"Ká dà á sódò?"

"Ẹ má dà á sódò."

"Ká dáná sun ún?"

"Èéfín yẹn burú jù. Ẹ má sun ún."

"Ká sin ín?"

"Ṣé kànga wà nítòsí yín?"

"Ó wà."

"Ẹ má sin ín."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀."

"Kò sí. Ẹ kàn má fọwọ́ kàn án, ẹ má sì fi imú fà á. Ẹ má sọ fẹ́nì kankan. Màá yà wò ó nírọ̀lẹ́." Ó pa fóònù.

Títílọlá yíjú sọ́kọ ẹ̀. "O gbọ́ nǹkan tí ọ̀rẹ́ ẹ wí."

"Ọ̀rẹ́ mi ló ń bọ́ wa látìgbà tí kòkó ti kọ̀ tí ò so. Ta ló san owó ilé-ìwé Ìtùnú? Ṣé ìwọ ni?"

"Owó ilé-ìwé ọmọ tó ti jẹ gíláàsì."

"Ṣé èmi ni mo fún un jẹ? Mo gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó lọ kó o ló wà níwájú ẹ yẹn, bá a jà."

Màámi sọ àwo ọwọ́ ẹ̀ kalẹ̀. "Èmi lò ń bá wí, Morákinyọ̀? Èmi tí mo fún ẹ lọ́mú?"

Ó ní òun ò bá wọn wí. Ó ní òun ò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó gbá àwo ara ẹ̀ dànù, ọbẹ̀ fò lu ògiri, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, àgbàlagbà ọkùnrin tí kò sunkún rí láyé ẹ̀. Títílọlá ń wò ó. Kì í ṣe ọkọ tó fi sílẹ̀ lọ sí Ìfàkì nìyí. Nǹkan kan ti wọ inú ẹ̀ lọ jókòó.

Ògiri kan ṣoṣo ló là wọ́n àti ilé Ìyá Ìbùkún láàárín, ògiri náà ò sì ga dé òrùlé. Ìyá Ìbùkún yọjú, ó ní òun wá tọrọ ìṣáná. Síso ló so ìṣáná mọ́ etí ìró ẹ̀, gbogbo wọn ń wò ó.

"Ẹ wí i kí n gbọ́," ló wí. "Kí ló wà lẹ́nu ẹ̀rọ tí mo ti lọ láfún tèmi?"

Kí wọ́n tó parí àlàyé, àgbàlá ti kún. Bàbá Adégbóyè, olórí àdúgbò, dé pẹ̀lú ọ̀pá ẹ̀, wọ́n gbé àga fún un. Gbogbo ẹni tó ti lọ nǹkan lánàá ló wá, àwọn tí ò lọ nǹkan náà wá, nítorí pé ilé ò lè dá wà nígbà tí ọ̀ràn wà ní ìta. Ẹnì kan ní ó dáa tó bá jẹ́ gílóòbù ló wà níkùn, èèyàn ò ní lo tọ́ọ̀ṣì lóru mọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Bàbá Adégbóyè na ọwọ́. "Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ títí ká fọ̀bẹ bù ú. Ẹ mú adìẹ wá. Tó bá kú, a mọ̀. Tí ò bá kú, a mọ̀."

Ó dùn létí gbogbo wọn. Àmọ́ kò sẹ́ni tó rántí pé òun ní adìẹ. Ìyá Ìbùkún ní tòun ń sàba. Bàbá Adégbóyè ní tòun ò sí nílé. Àkùkọ pupa kan ló ń kọjá lọ ní tiẹ̀, wọ́n kì í mọ́lẹ̀, wọ́n bu láfún síwájú ẹ̀.

Àkùkọ jẹ ẹ́. Ó fẹ́ràn ẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fẹnu nu ilẹ̀, ó mu omi ẹnu àmù, ó gbọn ara ẹ̀ jìgì, ó kọ. Bó ṣe kọ tán ló lé abo adìẹ kan lọ sẹ́yìn ilé, ó sì ṣe ohun tó lọ ṣe. Gbogbo àgbàlá hó.

"Ẹ ti rí i," ni Bàbá Adégbóyè wí. "Oró ò sí níbẹ̀. Oró kì í ṣe báyẹn."

Àlàájì Abdulazeez tó ni ẹ̀rọ ìlọta wọlé lásìkò yẹn, ó wo àkùkọ, ó wo láfún nílẹ̀.

"Àkùkọ mi nìyẹn," ló wí. "Ta ló máa rà á?"

"Kò kú, Àlàájì."

"Mo rí i pé kò kú. Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo fẹ́ pa á fáwọn àna mi. Bàbá, nígbà tí kò ti sí oró níbẹ̀, mo fi ta yín lọ́rẹ. Ẹ mú un relé, ẹ sè é."

Bàbá Adégbóyè fọwọ́ pa irùngbọ̀n ẹ̀. "Èmi? Dókítà ní kí n dín adìẹ kù."

"Ìyá Ìbùkún ńkọ́?"

"Ààwẹ̀ ni mo wà."

"Ààwẹ̀ wo nìyẹn? Mo rí ẹ̀kọ lọ́wọ́ yín láàárọ̀."

"Ààwẹ̀ adìẹ ni."

Àlàájì wo ojú wọn kárí. Ẹni tó bá wò á wo ilẹ̀. Àkùkọ jáde láti ẹ̀yìn ilé, ó ń rìn bí ìjòyè, ọ̀nà sì là fún un. Àwọn obìnrin ká ìró wọn sókè kí ìyẹ́ ẹ̀ má kàn wọ́n.

Títílọlá wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ ẹ̀ lẹ́yìn, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń yà fún adìẹ. Ìyẹn tó o: gbogbo wọn mọ̀ pé oró ni.

Bàbá Adégbóyè ló fọhùn níkẹyìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ gbọ́. Tó bá dé Ìkọ̀lé pé funfun Ayébòdé lóró nínú, wọn ò ní bèèrè ti ta ni. Tèmi tí mo lọ̀ lóṣù tó kọjá, wọn ò ní rà á. Tẹni tí ò tíì wu ẹ̀gẹ́ lóko, wọn ò ní rà á. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ulé ẹni la ti ń jẹ èkúté onídodo."

"Bàbá," ni Títílọlá wí, "kì í ṣe ilé wa ni wọ́n ti máa jẹ ẹ́."

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ti ń fọn fèrè lójú ọ̀nà.

Faith sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ni, ó ti pẹ́ ní Ìkọ̀lé débi tó ti gbọ́ Yorùbá tó tó fún ìnájà. Ó kí gbogbo wọn, ó ní ṣé kò sí o tí wọ́n fi pọ̀ báyìí. Wọ́n ní kò sí. Bí wọ́n ṣe jọ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà yẹn, bí ẹgbẹ́ akọrin, mú kó tún wò wọ́n.

Tẹ́nì kan bá fẹ́ ta láfún ládùúgbò yẹn, ẹni tó ń tà ló máa kọ́kọ́ lá a. Á tú ẹnu àpò níwájú oníbàárà, á ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dénú, á bù ú sẹ́nu. Bó bá kan, bó bá bu, bó bá ní iyanrìn, ojú ẹ̀ ló máa sọ ọ́. Láti ayé àwọn ìyá wọn ló ti wà bẹ́ẹ̀. Faith ti mọ̀ ọ́n, ó dúró, ó ń retí.

Títílọlá tú àpò. Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ọrùn ọwọ́. Ìyẹ̀fun náà kúná, ó tutù, ó funfun lóòótọ́. Ó bù ú. Ọwọ́ náà ò gòkè. Ó rán an kó gòkè, kò lọ. Morákinyọ̀ ń wò ó láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ojú ẹ̀ pọ́n.

"Ìyàwó mi ò tíì fọ ẹnu," ni Màámi wí, ó sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó bu ẹ̀kúnwọ́, ó dà á sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́ lẹ́nu tí eyín ò sí, funfun yí ètè ẹ̀ ká. "Ó dùn bí oyin. Wá tọ́ ọ wò, Àǹtí."

Ìtùnú ti sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ìyá ẹ̀. Ohun tí Màámi bá ṣe ni òun náà máa ń ṣe. Ó na ọwọ́ kékeré sínú àpò, ó bù ú, ó ń gbé e bọ̀ lẹ́nu.

Títílọlá gbá ọwọ́ náà. Ìró ẹ̀ dún pàá, ìyẹ̀fun fọ́n sójú afẹ́fẹ́, gbogbo èèyàn fi ìka dí imú. Gbogbo wọn pátá. Bàbá Adégbóyè fi etí agbádá ẹ̀ dí tiẹ̀.

Faith wo ọmọ náà, tí ẹkún ò tíì dé ọ̀fun ẹ̀. Ó wo àwọn ìka tó wà nímú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fúnra ẹ̀ so ẹnu àpò padà.

"Ìyá Ìtùnú, n kò rà mọ́."

Kò bèèrè ìdí. Ó ń lọ sídìí kẹ̀kẹ́ nígbà tí Ìyá Ìbùkún mú un lápá pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Àǹtí wa, tèmi wà ńlẹ̀. Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo." Ó ti ní kí wọ́n gbé e jáde. Ó tú u, ó bù ú, ó lá a, ó lá ìka ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú ẹ̀ ò yí. Obìnrin yẹn, tí wọ́n bá ní kó lá iná, kò ní ṣẹ́jú. Faith mí kanlẹ̀, ó ní ó dáa. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àpò sínú kẹ̀kẹ́.

Morákinyọ̀ ti dé ẹ̀yìn ìyàwó ẹ̀, ó di ìró ẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n. "Títí, jọ̀ọ́. Tìẹ ti tán. Fi tiwọn sílẹ̀."

Títílọlá já ìró ẹ̀ gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́, kò pariwo, bí ẹni tó ń sọ iye iyọ̀ tó máa wọ ọbẹ̀.

"Faith, ẹnu ẹ̀rọ kan náà ni gbogbo ẹ̀ ti jáde. Ọkọ mi fọ́ gílóòbù sórí àpáta, ìyẹ̀fun inú ẹ̀ ti wọ láfún. Ọmọ mi ti jẹ ẹ́. Má gbé e fọ́mọ ọlọ́mọ."

Onímárúwá ló kọ́kọ́ ju àpò sílẹ̀.

Faith ò bínú, ìyẹn sì ti gbogbo wọn lójú ju ìbínú lọ. Ó wo gbogbo àgbàlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó wo Bàbá Adégbóyè pẹ́ jù. "Gbé ọmọ yẹn wọ kẹ̀kẹ́," ló sọ fún Títílọlá. "Ẹ ó sọ̀ ní ilé ìwòsàn."

Nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n bèèrè ohun tọ́mọ jẹ. Títílọlá ní láfún. Nọ́ọ̀sì ní láfún kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan. Títílọlá ní gílóòbù wà nínú ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Nọ́ọ̀sì yẹ ẹnu ọmọ wò, ó tẹ ikùn ẹ̀, ó jókòó.

"Ìyá, n kò ní purọ́ fún yín. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ló yẹ ká yẹ̀ wò, a ò ní nǹkan tá a fi ń wò ó níbí. Bàbá ẹ̀ tó ń fọ́ ọ, ìyẹn gan-an ló ń ba mí lẹ́rù jù. Ẹ gbé àwọn méjèèjì àti ìyá àgbà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìdó lọ́la. Ẹ mú owó dání, wọn ò ní fọwọ́ kan yín láìsí owó."

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí Títílọlá padà dé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó kí i. Ní Ayébòdé, wọ́n máa ń kí ewúrẹ́ tó bá ti pẹ́ lóko. Àwọn aládùúgbò jókòó sórí àpò láfún wọn lẹ́nu ọ̀nà, ìròyìn ti dé Ìkọ̀lé, ó ti dé Ọ̀sì, àwọn oníbàárà ti ń fi fóònù fagi lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Ìbùkún tutọ́ sílẹ̀ nígbà tó ń kọjá. Títílọlá rò ó pé bóyá itọ́ ọ̀hún ń dùn bí ìṣó.

Ọkọ̀ Ẹlúyẹmí wà nídìí àpáta. Ó wá wo ọ̀rọ̀ láfún gẹ́gẹ́ bó ṣe wí, ṣùgbọ́n kò wá lófìfo, gílóòbù kún ẹ̀yìn ọkọ̀ dé etí. Ẹ̀wù ọsàn wà lọ́rùn ẹ̀, àwọn èèyàn ti yí i ká, wọ́n ń bú u, ó ń gbọ́ ọ bí ẹni tó ń gbọ́ òjò.

"Ẹ ti sọ̀rọ̀ yín tán? Ó dáa. Àwọn láfún yẹn, ẹ ò lè jẹ ẹ́, ẹ ò lè tà á, ẹ ò lè dà á nù. Ó ti di ẹrù olóró. Èmi ni mo ní ìwé àṣẹ láti kó o. Owó ni wọ́n sì fi ń kó ẹrù olóró."

Kò kọ́kọ́ yé wọn. Bàbá Adégbóyè ló kọ́kọ́ yé.

"O fẹ́ ká sanwó fún ẹ kó o kó oró tó o gbé wá?"

"Bàbá, èmi kọ́ ni mo dà á mọ́ láfún."

Ẹnì kan ní àwọn ò lówó, ibo lowó ti máa wá nígbà tí láfún ò tà mọ́. Ẹlúyẹmí ní òun mọ̀. Ó ní òun kì í ṣe ìkà. Kí wọ́n fi iṣẹ́ san án: ẹrù tòní nìyí, Morákinyọ̀ nìkan ò lè fọ́ ọ tán. Ẹni tó bá fọ́, òun á bá a kó àpò ẹ̀, òun á tún fi nǹkan sí i lọ́wọ́.

Títílọlá ń retí pé wọ́n máa sọ ọ́ lókùúta. Wọ́n ń wo gílóòbù. Wọ́n ń wo àpáta. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

"Ṣé a lè lo irin," ni Ìyá Ìbùkún bèèrè, "àbí ọmọ odó nìkan?"

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ilé kọ̀ọ̀kan lọ sójú tiẹ̀ lórí àpáta, wọ́n ń pín gílóòbù bí ẹni ń pín igi ìdáná, Bàbá Adégbóyè ń fi ọ̀pá tọ́ka sí èyí tó jẹ́ ti ta ni. Morákinyọ̀ ń fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe ń lu ìdí ẹ̀ kó má ta síni lójú, ó ń ṣàlàyé bí olùkọ́, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n.

Títílọlá lọ bá Ẹlúyẹmí. Kò kí i.

"Owó Ìdó ni mo fẹ́. Fún ọmọ mi, fún ọkọ mi, fún ìyá ẹ̀."

"Ìyàwó wa, ìwọ lo lọ tú àṣírí wa. Tó ò bá ti sọ̀rọ̀, owó láfún ì bá wà lọ́wọ́ ẹ báyìí." Ó nawọ́ sí ẹ̀yìn ọkọ̀. "Mú tìẹ níbẹ̀. Tó o bá fọ́ ọ tán, màá fún ẹ."

Títílọlá wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ló tú ọ̀já, ó gbé Ìtùnú fún Màámi, ó ní kí wọ́n wọlé, kí wọ́n ti fèrèsé, kí wọ́n má ṣí i.

Ẹlúyẹmí ti rí ìbòmú kan nínú ọkọ̀ ẹ̀, ọ̀kan péré, ó jù ú fún wọn. Wọ́n fẹ́ jà lé e lórí, Bàbá Adégbóyè ní kí wọ́n máa gbé e yípo: ẹni tó bá fọ́ tiẹ̀ tán, kó fún ẹni tó kàn án. Ó dára lójú gbogbo wọn. Ó kúrò nímú Àlàájì, ó bọ́ sí imú Ìyá Ìbùkún, ó tutù, ó ti dúdú létí.

Ìgbà tí Ìyá Ìbùkún fọ́ tiẹ̀ tán, Títílọlá ló kàn. Ìyá Ìbùkún bọ́ ìbòmú. Ó wò ó lójú, ó na apá kọjá iwájú ẹ̀, ó sì gbé e fún ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀.

Títílọlá gbé ọmọ odó. Ó fa èémí, ó dì í mú síkùn, ó lu gílóòbù àkọ́kọ́.